Ẹ̀gbà Pupa Ló Ń Pọnmi Wálé

Bí Àrínọlá ṣe tú ewé ẹ̀kọ tán, tó ṣí abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ni bàbá arúgbó kan ń kọjá níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Agbọ́rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó rò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi jẹun."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìpè. Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún yóò ní "Á gba ibi ire," yóò máa bá tirẹ̀ lọ, oúnjẹ ẹni yóò sì kù sọ́wọ́ ẹni. Bí gbogbo ẹni tí a ń pè bá ń jókòó, ta ni ì bá yó nínú ayé yìí? Ṣùgbọ́n bàbá náà dúró. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó da omi inú ife Àrínọlá sọ́wọ́, ó fi fọ̀ ọ́ dáadáa, omi sì ń ṣàn lọ lórí sìmẹ́ńtì. Omi tó dànù yẹn dun Àrínọlá ju ẹ̀kọ tí bàbá náà fẹ́ jẹ lọ. Ní àdúgbò tirẹ̀, irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé méjì ń mu sùn.

Ìgbà tí bàbá náà nawọ́ sí ẹ̀kọ ni apá aṣọ rẹ̀ fà sókè, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì yọ. Kò sí ẹni tí kò ní ẹ̀gbà ní Odi Tuntun. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń fi í sí ọmọ lọ́wọ́, bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni òun náà ń gbòòrò. Ti Àrínọlá ní àwọ̀ ewé, bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ti bàbá yìí pupa bí ẹ̀yìn tó pọ́n, àwọ̀ ẹni tí ìbànújẹ́ fẹ́ pa. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà. Ẹni Ìdánwò nìyí, ẹni tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ jókòó tì lọ́sàn-án láti bi í ní ìbéèrè níwájú àwọn aláyẹ̀wò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn ní kíláàsì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀ ṣáájú.

Ó yẹ kó dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń dìde fún àgbà tó ti fi ọwọ́ kan oúnjẹ ẹni? Ó rọra sún ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí àárín.

Bàbá náà jẹ òkèlè kan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó húkọ́. Ó béèrè pé ta ló se ọ̀lẹ̀lẹ̀ yìí. Àrínọlá ní ìyá òun ni.

"Ata yìí mà ta o. Ṣé ó fẹ́ pa ọkọ rẹ̀ ni?"

"Ọkọ rẹ̀ ti kú, Bàbá."

"Ẹ ò rí i? Mo ti sọ ọ́."

Àrínọlá kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀. Ìgbà tó yá ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín sì mú bàbá náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ọwọ́ gbá orúnkún. Ó bi í ní àdúgbò rẹ̀, Àrínọlá ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò ni. Bàbá ní òun mọ ibẹ̀ kí wọ́n tó gé ìrókò náà, pé abẹ́ rẹ̀ ni òun ti borí ìyàwó òun nídìí ayò kó tó di ìyàwó òun. Ó tún bu ẹ̀kọ.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì yí. Ó kọ́kọ́ di àwọ̀ ìyeyè, ó ṣẹ́jú, ó di àwọ̀ ewé. Agogo kan dún nínú ògiri.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, òkèlè dúró sí i lẹ́nu. Ó yára fa apá aṣọ bò ó, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lo ṣe fún mi yìí?"

Ọ̀gá Mojírádé ló kọ́kọ́ dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tẹ̀lé e. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ tutù, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àrínọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní òun ṣáà ní kí wọ́n wá jẹun ni, pé òun ò mọ̀ pé wọ́n máa jókòó.

"Ta ni ò ń pè ní wọ́n?" Ọ̀gá béèrè.

"Bàbá ni, mà."

"Kò sí bàbá níhìn-ín. Ẹni Ìdánwò ni. Kí ni ìlà mẹ́rin tí a kọ́ ọ?"

Àrínọlá kà á bí wọ́n ti ń kà á láràárọ̀. Wò ó. Bi í. Dúró tì í. Fà á lé wa lọ́wọ́. Ọ̀gá bi í pé níbo ni "bá a jẹun" wà nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, Ọ̀gá Mojírádé ní kó jókòó, ó sì fún un ní omi. Àrínọlá mu ún tán pátá, ó tijú. Ọ̀gá mọ ìdí tó fi wá; ìdí kan náà ló gbé gbogbo wọn wá. Àwọn dókítà ti ré òkun kọjá tipẹ́, èyí tó kù kò tó fún àwọn tí ọgbẹ́ wọn ṣeé fojú rí, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó jẹ́ pé ọkàn ló ń dùn ún. Ìjọba Odi wá ṣòfin pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan Agbọ́rọ̀ láàárín àwọn tí èèyàn máa ń dúró lọ́dọ̀ wọn: onígbàjámọ̀, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì. Èèyàn tó ń dúró de nǹkan máa ń sọ̀rọ̀. Àdúgbò tí kò bá ní Agbọ́rọ̀ kò ní omi. Ẹ̀gbà lè rí ìrora, ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ni òfin ní kó béèrè. Òfin yìí dára létí. Àwọn tó ṣe é kò ṣàì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n kàn fi omi ṣe pàṣán ni.

Bátìrì ni Àrínọlá ń ṣáàjì ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò. Bíríkìlà kan pa ara rẹ̀ ládùúgbò wọn, Agbọ́rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò bi í léèrè rí nítorí pé bíríkìlà náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ẹ̀rọ omi gbogbo àdúgbò pa. Láti ìgbà náà ni ìyá Àrínọlá ti ń pọn omi kòtò, inú rírun rẹ̀ kò sì dákẹ́. Bí Àrínọlá bá yege lónìí, omi yóò ṣí.

Ọ̀gá ní, "Àwọn aláyẹ̀wò ti wà lọ́nà. A kì í fi ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ṣe ìdánwò. A ti gba àwọn eléré wá rí, wọ́n sunkún títí, ẹ̀gbà wọn kò pupa. Láyọnu tí o pè wá jẹun yẹn nìkan la ní. Àwọn yòókù ò pẹ́ lọ́wọ́ wa."

"Ṣé kì í ṣe ohun tó dáa ni, mà? Pé ara wọ́n ti yá?"

"Bí ara rẹ̀ bá yá, ilé ló ń lọ. Àdúgbò tó bá yá wa ní Ẹni Ìdánwò, omi rẹ̀ kì í dá. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá ni wọ́n ń ti omi náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Agbo-Ọ̀pẹ. Omi tí ìyá ọlọ́mọ yẹn fi ń wẹ ọmọ, bàbá yìí ló ń fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pọn ọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Ìwọ sì fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé e kúrò nídìí rẹ̀."

Ọ̀gá Mojírádé tún bu omi sí ife Àrínọlá.

"Ọ̀nà tí a gbà lọ náà la ń gbà bọ̀," ni Ọ̀gá wí. "O ti mọ bí a ṣe ń fa èèyàn kúrò létí kòtò. Lọ dá a padà síbi tó wà. Sọ ohun tó máa dùn ún. Kí ó pupa kí wọ́n tó dé, ìwọ náà yóò sì ṣe ìdánwò tìrẹ."

Ìbídùn ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Orí ẹní kan ni wọ́n jọ sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, Ìbídùn ló sì máa ń rán an létí nígbà tó bá gbàgbé ìlà. Onígbàjámọ̀ ni ní àdúgbò kan lápá àríwá, ibi tí omi ti dá kó tó dá ní ti Àrínọlá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kó sọ ọ́ kíá, kó sì nu ẹnu, pé ọ̀rọ̀ kì í dá ọgbẹ́ sára. Àrínọlá ní irọ́ ni, pé ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní ni pé ó ń dá.

Ìbídùn wo ilẹ̀. "Bí o kò bá lè ṣe é, sọ fún mi kí n wọlé. Mi ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Àrínọlá rò ó. Bí òun bá kọ̀, Ìbídùn yóò ṣe é, yóò sì ṣe é bí ẹni ń fá irun, láìwo ojú. Ó sàn kí ẹni tó mọ bàbá náà, tó ti bá a rẹ́rìn-ín, jẹ́ ẹni tí yóò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe ìkà. Ó wọlé.

Bàbá Láyọnu jókòó lórí àga ìdánwò, àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù nínú yàrá náà. Ó di ojú, ó di ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó ń gbé nǹkan wúwo. Ẹ̀gbà rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wọlé ni mo ti ń gbìyànjú," ni ó wí. "Kò wá. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi."

Àrínọlá kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kó dìde, kò sí àkókò. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé kò mọ̀ pé ayé yóò dé ibi yìí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó máa dun òun fún un. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò.

Òun ló ń ṣọ́ géètì odi lọ́dún tí odò ya. Àṣẹ dé pé kí wọ́n ti gbogbo géètì, ẹni tó bá wà níta kó wà níta. Wúràọlá, ọmọbìnrin rẹ̀, ti jáde lọ ṣẹ́ igi. Bàbá ti géètì. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìkànkùn, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó ń kàn án, nítorí láti kékeré ni Wúràọlá ti máa ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dúró díẹ̀, yóò tún kàn án lẹ́ẹ̀kan. Òfin ní kó má ṣí i. Kò ṣí i. Ìjọba fi oyè dá a lọ́lá lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹ̀gbà rẹ̀ ṣẹ́jú sí ìyeyè, ó tún padà. Bàbá mi orí. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ fún ara òun tó bẹ́ẹ̀ tó ti ṣá lẹ́nu òun, pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò mú. "Sọ fún mi pé ó mọ̀ pé èmi ni. Má sì pè mí ní Bàbá tí o bá fẹ́ sọ ọ́, nítorí kò ní wọlé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Àrínọlá, kò tíì pe àgbàlagbà ní "ìwọ" rí. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń di ikùn mú lórí ẹní. Ó rántí ọmọ tuntun ní Agbo-Ọ̀pẹ. Ó dìde dúró, nítorí kò lè sọ irú èyí lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìwọ lo tì í," ni ó wí. "Ó mọ̀ pé ìwọ lo wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kàn án bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ìwọ kò lè fi òun sílẹ̀. Ìgbà tí omi dé ọrùn rẹ̀ ló tó mọ irú bàbá tó ní."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, bàbá kò fi rán an. Àrínọlá fúnra rẹ̀ ló wá a rí.

Bàbá Láyọnu tẹ̀ síwájú lórí àga bí ẹni tí wọ́n gbá nínú. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ di ìyeyè, ó ń pọ́n bọ̀, ó kù díẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí ọmọbìnrin náà. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà, ó ń sunkún. Bàbá gbàgbé ara rẹ̀. Ó dìde, ó dì í mú, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní, "Ó tó, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́. Ó tó."

Àgbà tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún kì í ráyè ìbànújẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbà rẹ̀ padà sí àwọ̀ ewé, ó sì dúró síbẹ̀ gbọin.

Àrínọlá kò rí i. Ohun tó ń gbọ́ ni ohùn ara rẹ̀. Ó ń rò ó pé ẹnu tó lè wá irú ọ̀rọ̀ yẹn rí kò yẹ lẹ́nu èèyàn, pé bóyá ì bá dára kí irú òun má sí láyé rárá. Èrò náà kò fi ariwo wọlé. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó. Agogo inú ògiri dún, ọwọ́ tirẹ̀ ló sì ń dún sí.

Ọ̀gá Mojírádé ṣílẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ wo bàbá, ojú rẹ̀ le. Ó wá wo ọwọ́ Àrínọlá, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i wò. Ẹ̀gbà ibẹ̀ pupa ju ti Láyọnu lọ.

"Ìsàlẹ̀-Ìrókò lo wí?" ó béèrè. "Omi yín kò ní dá mọ́."

Bàbá Láyọnu bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, kí wọ́n fún òun di ọ̀la, òun yóò pupa, òun mọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó ni ẹ̀gbà rẹ̀ ń tutù sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un lápá. Lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ férémù, ó yí ojú sí Àrínọlá, ó sì bi í ní ìbéèrè tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bi òun láti ọjọ́ yìí wá. "Ọmọ mi, ṣé ò ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ? Sọ fún mi. Mi ò ní bínú." Nínú ilé náà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀ tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n fà á jáde kí Àrínọlá tó la ẹnu.

Wọ́n gbé Àrínọlá jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù. Àwọn aláyẹ̀wò dé, wọ́n jókòó sẹ́yìn dígí, wọ́n gbé omi tútù fún wọn. Ìbídùn ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ó wọlé, ó jókòó bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Àrínọlá wá ojú rẹ̀. Ìbídùn kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀gbà.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ọmọ Odi. Orúkọ mi ni Ìbídùn, Agbọ́rọ̀ ni mí. Mo rí i pé nǹkan ń dùn ọ́. Ṣé ò ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?"

"Ìbídùn, èmi ni."

"Ṣé ò ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?"

Àrínọlá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù òtítọ́ inú rẹ̀ bà á bó ṣe ń tẹnu rẹ̀ jáde. Ìbídùn ní òun dúpẹ́ tó sọ fún òun, pé kò dá wà, pé òun yóò dúró tì í. Ó dúró tì í títí iná kékeré fi tàn lẹ́yìn dígí, ó dìde, ó sì jáde. Ó ti yege.

Ọ̀gá Mojírádé wọlé wá tún aṣọ Àrínọlá ṣe lọ́rùn. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ ṣe é lóore. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ògiri mọ́lẹ̀, Ìsàlẹ̀-Ìrókò sì hàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi ti ṣí. Àwọn obìnrin ń sáré pẹ̀lú korobá, ọmọdé ń yí nínú ẹrẹ̀, ìyá Àrínọlá sì wà láàárín wọn tó ká aṣọ sókè, tó ń jó, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọmọ òun ti yege. Ó bu omi, ó dà á sórí ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Ẹ̀rín músẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ létí ẹnu rẹ̀. Lọ́wọ́ rẹ̀, pupa náà ṣẹ́jú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí àwọ̀ ìyeyè.

Ọ̀gá Mojírádé rí i. Ó yára na ọwọ́, ó pa ògiri.

Ó dúró, ó ń wo ẹ̀gbà náà títí ó fi pupa padà. Lẹ́yìn náà ló yí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tó kàn máa wọlé.